Urse d'Abetot, ṣẹ́rífù Worcester tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ṣépè fún: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ta tiẹ̀ ni Urse d'Abetot yìí?

Ará Normandy ni, ní ilẹ̀ Faransé. Abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Saint-Jean-d'Abbetot, kò jìnnà sí ibi tí odò Seine ti wọ òkun, ibẹ̀ ni "d'Abetot" ara orúkọ ẹ ti wá. Kì í ṣe ọmọ olówó o. Abẹ́ àwọn olúwa Tancarville ni àwọn ará ilé ẹ wà, ilẹ̀ tí wọ́n ní ò tó nǹkan, ká ní ó jókòó sí Normandy ni, kò sẹ́ni tí ì bá gbọ́ orúkọ ẹ lónìí. Àmọ́ ní 1066 William, Duke Normandy, sọdá òkun, ó ṣẹ́gun Harold ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Hastings, ó gbadé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọkùnrin tí ò rí nǹkan gidi jogún nílé ṣe wọ́ tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1069, Urse ti di ṣẹ́rífù agbègbè Worcester, kò sì kúrò nípò yẹn títí tó fi kú ní 1108. Ó ku díẹ̀ kó pé ogójì ọdún! Ọba mẹ́ta ló sìn, William Aṣẹ́gun, William Rufus ọmọ ẹ, àti Henry Kìíní tó jẹ́ àbúrò Rufus.

Ṣé irú ṣẹ́rífù inú fíìmù kọ́bọ́ì yẹn ni, tó máa ń fi ìràwọ̀ sí àyà?

Rárá o. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ méjì ló para pọ̀ di sheriff, shire tó jẹ́ agbègbè, àti reeve tó jẹ́ alámòójútó. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa ajẹ́lẹ̀ nínú ìtàn Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn á tètè yé e: ọba wà lókèèrè, ìwọ lojú ẹ, ìwọ letí ẹ, ìwọ lo sì ń gba owó ẹ. Ṣẹ́rífù ló ń kó owó ọba jọ, òun ló ń jókòó ní kọ́ọ̀tù agbègbè, òun ló ń kó ọmọ ogun jọ tí ogun bá dé, ilé olódi ọba sì wà lọ́wọ́ ẹ.

Ipò yìí ti wà kí àwọn Norman tó dé. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Cyneweard ti ṣe ṣẹ́rífù Worcester rí. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn Earl, ìyẹn ìjòyè ńlá tó ń ṣàkóso agbègbè fún ọba, àti bíṣọ́ọ̀bù máa ń ga ju ṣẹ́rífù lọ, àwọn ló ń ká a lọ́wọ́ kò. Àwọn Norman ló sọ ṣẹ́rífù di alágbára tó ń nílẹ̀ tó ń ní ọmọ ogun tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí agbára Urse fi pọ̀ ju ti gbogbo àwọn tó ti jẹ ẹ́ ṣáájú ẹ.

Kí ló fa èpè tí gbogbo èèyàn ń sọ yẹn?

Ibi ìsìnkú ló fà á.

Ọba fẹ́ ilé olódi sí Worcester, torí ìlú náà wà létí odò Severn, ọ̀nà Wales ni, ogun sì lè gba ibẹ̀ wọlé nígbàkigbà. Ilé olódi ayé ìgbà yẹn, ẹ má rò pé òkúta ni gbogbo ẹ. Wọ́n á kó yẹ̀pẹ̀ jọ títí á fi ga bí òkè, wọ́n á kọ́ ilé igi sórí ẹ, wọ́n á wa yàrà yí i ká, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa náà ṣe ń wa yàrà sí ìdí odi ìlú. Urse wá gbé tiẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà gan-an, tí àwọn mọ́ńkì ń gbé, àwọn ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ tí wọ́n kóra jọ máa gbàdúrà. Ó sún mọ́ wọn débi pé yàrà tó wa já wọ inú ilẹ̀ tí wọ́n ń sin òkú wọn sí, ó gé apá kan ẹ lọ.

Ẹ rò ó wò ná. Àwọn tó sin bàbá wọn àti àwọn àgbà wọn síbẹ̀ dìde láàárọ̀, wọ́n rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ṣọ́bìrì wa ilẹ̀ ibẹ̀. Kò sí ibi téèyàn ti lè ṣe irú ẹ̀ lágbàáyé tí ò ní di ọ̀rọ̀.

Àwọn mọ́ńkì ò lágbára ṣẹ́rífù, wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ Ealdred lọ. Ealdred yìí kì í ṣe èèyàn kékeré, òun ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà York nígbà yẹn, òun ló fi adé lé William fúnra ẹ̀ lórí lọ́jọ́ Kérésìmesì 1066, ó sì ti ṣe bíṣọ́ọ̀bù Worcester rí kó tó lọ sí York, nítorí náà ibi ìsìnkú yẹn, ti ilé ẹ̀ ni. Ó wá fojú ara ẹ̀ wò ó. Ó bi Urse bóyá òun ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, Urse ò sẹ́. Ealdred bá la ẹnu, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, kò sọ ọ́ ní Látìn:

*Hattest thu Urs, have thu Godes kurs.*

Ìyẹn ni pé, Urs lò ń jẹ́, kí èpè Ọlọ́run máa bá ẹ gbé. Ẹ gbọ́ bó ṣe fi Urs mú kurs, orúkọ ọkùnrin náà ló fi de èpè mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọfọ̀ dáadáa rí á mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe, torí àwọn tiwa náà máa ń di orúkọ nǹkan mú kí wọ́n tó rán an níṣẹ́. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn ò fi parun nìyẹn, ó dùn lẹ́nu, gbogbo ará Worcester tó gbọ́ ọ lè lọ sọ ọ́ nílé. William of Malmesbury, mọ́ńkì tó ń kọ ìtàn, kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1125, ó sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì yẹn sáàárín Látìn tó fi ń kọ̀wé.

Ealdred ò dúró síbẹ̀ o. Ó ní èpè tòun náà wà ńbẹ̀, pẹ̀lú ti gbogbo orí tí wọ́n ti ta òróró sí, àyàfi tí Urse bá kó ilé olódi ẹ̀ kúrò, ó wá ní kó mọ̀ pé àwọn ọmọ ẹ ò ní pẹ́ lórí ilẹ̀ Màríà Mímọ́, ìyẹn ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Worcester.

Ṣé Urse wó ilé náà?

Kò wó o. Ealdred kú ní September 1069, ilé olódi yẹn dúró síbẹ̀, Urse náà dúró.

Kí ló dé tó fi ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣé ìwà ìkà lásán ni?

Ìbéèrè yìí ló wù mí jù láti dáhùn, torí èpè yẹn dùn débi pé téèyàn bá ti gbọ́ ọ tán kì í wádìí nǹkan mìíràn mọ́, ó máa ń rò pé ọkùnrin burúkú kan ló kàn wá ṣèkà lọ.

Ní 1086 William ní kí wọ́n ka gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta ló ni ibo, màlúù mélòó ló ń fa ìtúlẹ̀, mélòó ló ń wọlé. Ìwé Domesday ni wọ́n ń pè é. Nínú ojú ìwé Worcester, ẹ máa rí ohun tí ṣẹ́rífù gbọ́dọ̀ kó wá fún ọba: láti ìlú Worcester, pọ́n-ùn 23 àti ṣílè 5. Láti inú oko àti abúlé tó jẹ́ ti ọba fúnra ẹ, pọ́n-ùn 123 àti ṣílè 4. Ṣé ẹ rí i, wọn ò ní ka owó yẹn lásán, wọ́n máa gbé e sórí òṣùwọ̀n ni, torí àwọn èèyàn ti máa ń gé etí owó fàdákà, ẹni bá mú owó gígé wá á fi tiẹ̀ kún un. Lẹ́yìn ìyẹn pọ́n-ùn 17 míì wà tí wọ́n ń wọ̀n, àti 16 tí wọ́n ń kà, tó yẹ kó ti inú ẹjọ́ kọ́ọ̀tù wá. Ìwé náà wá fi gbólóhùn kan tì í tó jẹ́ pé gbogbo ìtàn Urse wà nínú ẹ: tí kò bá rí i gbà níbẹ̀, kó san án látinú àpò ara ẹ.

Àwọn awakọ̀ dánfó tó ń délífà lójoojúmọ́ á ti mọ ohun tí mò ń sọ. Iye tí ọlọ́kọ̀ fẹ́ ò ní yí padà, òjò rọ̀ o, òjò ò rọ̀ o, èrò wà o, èrò ò sí o. Ohun tó bá lé ni tìẹ, ohun tó bá dín lo máa wá. Torí náà ẹni tó wà lórí sítẹrìn ò ní í rọra wakọ̀. Bí wọ́n ṣe gbé ipò ṣẹ́rífù kalẹ̀ nìyẹn, ọba ti gé iye tó fẹ́, kò bìkítà bó o ṣe máa rí i.

Ti Worcester tún wá le ju tibòmíì lọ. Agbègbè náà pín sí ọ̀nà 12, hundred ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ méje nínú wọn, ṣẹ́rífù ò lẹ́nu níbẹ̀ rárá, ọwọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá ló wà. Èyí tó tóbi jù ni wọ́n ń pè ní Oswaldslow, mẹ́ta nínú hundred yẹn tí wọ́n pa pọ̀, ti bíṣọ́ọ̀bù Worcester ni, òun ló ń dájọ́ níbẹ̀, òun ló ń gba owó ìtanràn. Ìwé Domesday tiẹ̀ kọ ẹ̀dùn ọkàn Urse sílẹ̀, pé nítorí hundred méje yìí, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ, òun ń pàdánù gan-an nínú owó tóun gbọ́dọ̀ san. Mo fẹ́ràn ibi yẹn púpọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí àwọn mọ́ńkì kọ nípa ẹ, ibẹ̀ yẹn lẹ ti máa gbọ́ ohùn òun náà.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni forí jì í o. Owó tó gbà kọ́ ló kó fún ọba tán, òun náà di ọlọ́rọ̀ nínú ẹ̀, ó nílẹ̀ ní Worcestershire àti ní àwọn agbègbè míì, ó nípìn-ín ní Droitwich níbi tí omi iyọ̀ ti ń sun látinú ilẹ̀ tí wọ́n ń sè é di iyọ̀, ẹ sì mọ ohun tí iyọ̀ jẹ́ láyé tí ò sí fíríìjì. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọba tó jókòó sí Winchester tàbí Normandy ló fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n sì ṣépè fún ni ẹni tó di ọ̀bẹ mú.

Wulfstan ńkọ́? Ṣebí òun ni bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà, kí lòun ṣe?

Wulfstan ti di bíṣọ́ọ̀bù Worcester ní 1062, kí àwọn Norman tó dé, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n sì ń yọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Gẹ̀ẹ́sì ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ará Normandy rọ́pò wọn, òun nìkan ló wá kù nígbẹ̀yìn. Ó wà níbẹ̀ títí di January 1095. Nítorí náà òun àti Urse jọ wà nínú ìlú kékeré kan náà fún ọdún 25, ilé olódi ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ẹnì kejì, wọ́n á máa rí èéfín iná ara wọn.

Wulfstan ò jà pẹ̀lú idà, ìwé ló fi jà. Ó ní kí mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Hemming kó gbogbo ìwé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì jọ, kó kọ èyí tó sọ nù sílẹ̀ àti ẹni tó gbà á, orúkọ Urse sì wà nínú ẹ̀ léraléra. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, torí ilẹ̀ tí ò bá níwèé, tí àwọn àgbà tó mọ ààlà ẹ̀ bá ti kú, ó ti lọ nìyẹn, gbogbo ẹni tí wọ́n bá ti gba ilẹ̀ ìdílé ẹ̀ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà kan tún wà tí Wulfstan àti ilé àwọn mọ́ńkì Evesham ń bára wọn ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ Hampton àti Bengeworth. Wulfstan jàre. Ṣùgbọ́n ní Bengeworth, ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì méjì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́, apá kan ẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ṣẹ́rífù. Ẹ di Bengeworth yìí mú, mo máa padà síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nípa Wulfstan tí mi ò lè gbójú fò. Láyé ìgbà yẹn wọ́n ń kó èèyàn Gẹ̀ẹ́sì gba Bristol lọ tà ní Ireland, ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin, wọ́n á so wọ́n mọ́ra. Wulfstan lọ síbẹ̀ lọ wàásù, ó padà lọ, ó tún padà lọ, títí àwọn ará Bristol fi jáwọ́ ńbẹ̀. Bristol kan náà yìí ni ọkọ̀ òkun tún ti ń ṣíkọ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìgbà yẹn, tí wọ́n ń wá sí etíkun tiwa wá kó àwọn èèyàn wa. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí ẹ.

Ṣé Urse ò ṣe nǹkan kan tó dáa ni?

Ó ṣe. Ní 1075, William wà ní Normandy, Roger tó jẹ́ Earl Hereford àti Ralph tó jẹ́ Earl East Anglia dìtẹ̀ mọ́ ọn, ibi ìgbéyàwó Ralph àti àbúrò Roger ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, Waltheof tó jẹ́ Earl Northumbria sì wà ńbẹ̀. Tí Roger bá lè sọdá odò Severn kó pàdé Ralph, ọ̀rọ̀ ì bá bàjẹ́. Ẹni tó dí i lọ́nà ni Urse, pẹ̀lú Bíṣọ́ọ̀bù Wulfstan, pẹ̀lú Æthelwig olórí àwọn mọ́ńkì Evesham, pẹ̀lú Walter de Lacy. Àwọn tí wọ́n ń bára wọn jà lórí ilẹ̀ yìí náà ló para pọ̀ tí wọ́n dúró sétí omi kan náà! Roger ò rí ọ̀nà. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, wọ́n bẹ́ orí Waltheof ní 1076. Láti ìgbà náà lọ kò sí Earl kankan tó ga ju Urse ní agbègbè yẹn mọ́, gbogbo ẹ̀ wá kù sọ́wọ́ ẹ.

Kí ló ṣe lábẹ́ Rufus?

Ó gòkè sí i. Ó wà lára àwọn tí Rufus ń rán níṣẹ́ káàkiri, òun àti Robert Despenser ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀, wọ́n sì ń bá Ranulf Flambard ṣiṣẹ́, ìyẹn àlùfáà tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá owó fún ọba ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí Wulfstan kú ní 1095, Rufus ní kí gbogbo àwọn tó ń lo ilẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù náà san owó kan fóun, bí ẹni pé bàbá wọn ló kú tí wọ́n fẹ́ jogún, pọ́n-ùn 250 lápapọ̀. Ẹni tó bá kọ̀, kí Urse àti ẹnì kan tó ń jẹ́ Bernard gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ ẹ̀ àti owó ẹ̀. Orúkọ Urse wà ní ìdí ìwé yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Oṣù mélòó kan péré sígbà tí wọ́n sin ọkùnrin tí wọ́n jọ dúró sétí Severn.

Àwọn mẹ̀kúnnù ńkọ́?

Àwọn ló san án. Hemming kọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akọ̀wé ọba kọ ti ọba, àgbẹ̀ tí wọ́n fi kún owó ẹ̀ ní kọ́ọ̀tù kí ṣẹ́rífù lè rí pọ́n-ùn 16 yẹn pé, kò mọ̀wé, kò sẹ́ni tó bá a kọ ọ́. Iye wọn nìkan lẹ máa rí nínú Domesday, àgbẹ̀ mélòó, ẹrú mélòó. Kò sórúkọ. Nígbàkigbà tí mo bá ń ka ìjà Urse àti àwọn mọ́ńkì, èyí ni mo máa ń rántí, pé gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí, àwọn kan wà lórí ẹ̀ tó ń ro ó.

Èpè yẹn wá jà àbí kò jà?

William of Malmesbury gbà pé ó jà. Urse kú ní 1108, Roger ọmọ ẹ̀ jogún gbogbo ẹ, ṣẹ́rífù àti ilẹ̀. Kò tó ọdún mẹ́ta, Roger bínú, ó ní kí wọ́n pa ìránṣẹ́ ọba kan, Ọba Henry gba ohun gbogbo lọ́wọ́ ẹ̀, ó lé e kúrò nílùú. Àwọn ará Worcester tó rántí ọ̀rọ̀ Ealdred á ti wo ojú ara wọn.

Ṣùgbọ́n Urse ní ọmọbìnrin kan, Walter de Beauchamp ló fẹ́ ẹ. Walter ni Henry gbé ilẹ̀ náà fún, òun náà ló di ṣẹ́rífù. Àwọn ọmọ wọn ò kúrò níbẹ̀, ní 1268 ọ̀kan nínú wọn di Earl Warwick, ìdílé Beauchamp sì wà nípò yẹn títí di 1446. Béárì ni àmì àwọn Earl Warwick, béárì sì ni Ursus túmọ̀ sí ní Látìn, torí náà àwọn kan máa ń so ó mọ́ bàbá ńlá wọn yìí. Tèmi ni pé ọmọkùnrin ẹ̀ ni èpè bá, ọmọbìnrin ẹ̀ ló gbé ilé náà ró, kò sì yẹ kí wọ́n máa sọ apá kan kí wọ́n fi ìkejì sílẹ̀.

Ṣé èèyàn ṣì lè lọ wo ilé olódi Worcester náà?

Kò sí mọ́. Lábẹ́ Henry Kẹta àwọn mọ́ńkì gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọn padà, òkìtì yẹ̀pẹ̀ ńlá yẹn pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó wá kó o kúrò ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Àmọ́ iyàrá abẹ́ ilẹ̀ tí Wulfstan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1084 ṣì wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, pẹ̀lú òpó òkúta ẹ̀, ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀.

O ní wàá padà sí Bengeworth.

Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn Beauchamp kọ́ ilé olódi síbẹ̀, létí afárá odò Avon, òdìkejì Evesham gan-an. Nígbà tí ogun Stephen àti Matilda, tí àwọn méjèèjì ń du adé, dàrú gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William de Beauchamp, ọmọ ọmọ Urse, kó àwọn sójà ẹ̀ wọ Evesham, wọ́n wó ògiri ibi ìsìnkú àwọn mọ́ńkì, wọ́n kó ẹrù wọn lọ. Olórí àwọn mọ́ńkì ibẹ̀ ń jẹ́ William d'Andeville. Ó lé Beauchamp kúrò nínú ìjọ, kò sì fi mọ sórí èpè nìkan, ó gba ilé olódi Bengeworth, ó wó o palẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bàa tún ilé ogun kọ́ síbẹ̀ mọ́, ó ya ilẹ̀ náà sí mímọ́, ó ní kí wọ́n máa sin òkú síbẹ̀.